Ilé Tí Olùkọ́ Mou Fi Han Àna Rẹ̀

Ẹ̀rọ agbẹ́rù gíga tó wà láàrin Ọgbà Jinlan ti dúró gbagidi láti ọdún mélòó kan, débi pé ẹyẹ ti kọ́ ìtẹ́ sí i lọ́rùn. Àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn àna Olùkọ́ Mou ń bọ̀ wá wo ilé gan-an ni ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Olùkọ́ Mou ló kọ́kọ́ gbọ́ ariwo rẹ̀. Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ ká ọ̀rá tí wọ́n fi dí ojú fèrèsé sókè, ó yọ orí síta láti àjà kọkànlá. Nísàlẹ̀, àwọn ọkùnrin tó dé akoto pupa ń rìn lọ rìn bọ̀, ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì kan ń wọlé, ẹnìkan sì ń gbá ẹnu ọ̀nà. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi pe ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá Yan, wá wò ó. Wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́."

Bao Caixia, ìyàwó rẹ̀, kò dìde. Ẹja ló ń ha ìpẹ́ rẹ̀ lórí ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, omi tí ọmọ rẹ̀ rù gun àtẹ̀gùn lánàá, nítorí ẹ̀rọ omi kò sí nínú ilé náà. Lífítì kò sí. Ilẹ̀kùn pàápàá kò sí, aṣọ ni wọ́n ta dípò rẹ̀. Ó ní kí ọkọ òun fojú sílẹ̀ wo ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì yẹn dáadáa bóyá nǹkan kan ń jáde nínú rẹ̀. Olùkọ́ Mou wò ó títí. Ikùn ọkọ̀ ń yí, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú títí dòní. Ní ìlú wa yìí létí odò Huai, ilé kì í tíì sí tí a ó ti sanwó rẹ̀. Ìjọba ìlú á ta ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ń kọ́lé, torí owó ilẹ̀ ni ìjọba ìlú ń jẹ. Ilé iṣẹ́ náà á ya àwòrán tó rẹwà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́gboro. Báǹkì á yá ọ lówó láti ra àwòrán, ìwọ á sì máa san án lóṣooṣù títí irun rẹ á fi funfun. Bí ilé iṣẹ́ bá jẹ gbèsè, tó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ilé náà sílẹ̀ bí eegun ẹran tí ajá jẹ kù, báǹkì ò ní sọ pé kí o dáwọ́ sísan dúró. Tìẹ ni òun mọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwa ará Jinlan fi kó wọnú òkú ilé lọ ń gbé. Ta ni yóò san owó báǹkì tán tí yóò tún san owó háyà?

Ohun tó wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Olùkọ́ Mou dun ènìyàn ni pé ẹ̀kọ́ ìṣèlú gan-an ló fi ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama títí tó fi fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ ìjọba tó o. Bí o bá ru omi pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, yóò dá ọ dúró ṣàlàyé ìdí tí Amẹ́ríkà fi gbé owó ẹnubodè lé ọjà wa, ìdí tí a fi ń kọ́ ojú irin fún àwọn orílẹ̀-èdè tó jìnnà, àti ohun tí àwọn àgbà Beijing ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ní ilé wà fún gbígbé, kò wà fún òwò. Omi á máa kán sí ọ lọ́rùn, òun á máa ṣàlàyé. Rédíò ni a ń pè é. "Rédíò, kí ni ìjọba wí lónìí?" Ó mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni, síbẹ̀ yóò dáhùn.

Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba ló gbé e lọ́kàn. Yan, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àga tí wọ́n ń kó lọ Amẹ́ríkà ni Yan wà. Òun àti Tan Wenqi, ọmọbìnrin tó ń ta oògùn ní ilé ìtajà kan lọ́nà ibùdókọ̀, ti ń fẹ́ra bọ̀ tipẹ́. Bàbá Wenqi, Tan Shouye, ń sin pẹ́pẹ́yẹ lẹ́bàá odò, ó sì ti sọ ọ́ láìfi bò pé òun ò ní fọmọ fún ọkùnrin tí kò nílé. Ọjọ́ yìí ni wọ́n ń bọ̀ wá wo ilé náà. Níbi tiwa, bí ìdílé ọmọbìnrin bá wo ilé tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á jókòó jẹun ọ̀sán. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ní àwọn yó, wọ́n á dìde. Kò sẹ́ni tí yóò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó jẹun ti gbà, ẹni tó lọ láìjẹun ti kọ̀. Ohun tí Olùkọ́ Mou sì ti sọ fún Tan Shouye lórí fóònù ni pé ilé ti parí, ó ku kí wọ́n kùn ún.

Ìyá Yan ti bá a jà lórí rẹ̀ títí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ni obìnrin náà máa ń wí, ilé wo wá ni ẹ̀yin fẹ́ fi hàn wọ́n? Ọkọ rẹ̀ á ní kó fi òun sílẹ̀, òun á wá nǹkan ṣe sí i.

Nǹkan náà gun àtẹ̀gùn wá bá a fúnra rẹ̀. Ìyáàfin Liao, tí ìjọba àdúgbò fi ṣe alábòójútó ilé wa, wọlé wẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó ń mí gúlegúle. Ó jókòó, ó gba omi mu, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé. Àwọn ọ̀gá láti olú ìlú ìpínlẹ̀ ń bọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Àwọn ni yóò sọ èyí tí báǹkì lè yá lówó nínú àwọn ọgbà tí iṣẹ́ dúró sí. Bí wọ́n bá bá òkú níbí, báǹkì ò ní ná kọ́bọ̀ lórí òkú. Bí wọ́n bá rí i pé ó ṣì ń mí, owó á dé, ilé á parí. Òun ò sọ pé akoto tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe yíyá. Òun kàn ń sọ bí ètò náà ṣe rí ni, Olùkọ́ náà sì mọ̀ ọ́n ju òun lọ.

Olùkọ́ Mou mọ̀ ọ́n. Ó mi orí. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu nínú etí rẹ̀, ìyẹn gan-an ni ohun burúkú tó wà níbẹ̀.

Ìyáàfin Liao ní àwọn ọ̀gá á fẹ́ gbọ́ ohùn ará ilé kan, kámẹ́rà á sì wà níbẹ̀. Òun ti mọ ohun tí àwọn kan ń gbèrò. "Olùkọ́ Mou, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́." Ó wo ẹja tó wà nínú abọ́, ẹja odindi tí wọn ò gé lórí tí wọn ò gé nírù. "Mo gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Inú ilé àfihàn tí wọ́n ń fi han àwọn oníbàárà ní Ilé Kìíní mọ́ tónítóní. Ẹ lè lò ó títí di ìrọ̀lẹ́."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja, ó dìde lọ. Olùkọ́ Mou ń wo kọ́kọ́rọ́. Ìyá Yan ń wo ọkọ rẹ̀.

Ìjà tó tẹ̀lé e kò pariwo, nítorí níbi tí kò sí ilẹ̀kùn, ènìyàn máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ jà. Obìnrin náà ní ṣé iye tí ọkọ òun tó nìyẹn, kọ́kọ́rọ́ ilé onílé. Ọkùnrin náà ní ṣé ó fẹ́ kí ọmọ àwọn kú lápọ́n. Obìnrin náà ní Wenqi mọ ilé yìí, ó ti ru omi wá síbí rí, kò sì yínmú. Ọkùnrin náà ní Wenqi kọ́ ni yóò fi Wenqi fọ́kọ.

"Ẹ mú wọn wá síbí," ni Ìyá Yan wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí wa bá a ṣe wà. Bí wọ́n bá lọ, wọ́n lọ."

"Níbí? Kí n mú àna jókòó láàrin garawa? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ti gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n èmi ò ní gbé oúnjẹ mi lọ sínú ilé páálí. Ibí ni mo ti ń sè é, ibí ni yóò wà."

Yan wọlé lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Ìyá rẹ̀ wò ó pé bóyá yóò sọ nǹkan kan, àmọ́ òun náà ní ohun tó ń pa mọ́. Láti ìgbà tí owó ẹnubodè Amẹ́ríkà ti dé, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ó sì ti bẹ Wenqi kó má sọ fún bàbá rẹ̀. Ó da omi sínú ìkòkò ńlá, ó tún sọ̀kalẹ̀ lọ pọn sí i.

Kò pẹ́ tí Ìyá Ku fi dé láti àjà kẹwàá. Ìyá arúgbó yìí ti di ìyá gbogbo wa. Ó ṣí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó fi aṣọ funfun tó wé mọ́ ikùn rẹ̀ han Olùkọ́ Mou. Aṣọ ibùsùn rẹ̀ ni, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n fún àwọn nílé àwọn. Gbogbo ará Ilé Keje, ilé wa yìí, ti fẹnu kò. Olùkọ́ á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí kò sí ọlọ́pàá tó lè tètè fọwọ́ kan tíṣà tó ń fi ọ̀rọ̀ ìjọba bá ìjọba wí. Bó bá ti sọ òtítọ́ tán, àwọn á tú aṣọ náà han kámẹ́rà.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," ni Ìyá Ku wí. "Tíṣà, ẹ̀yin la ní o."

"Mo gbọ́, mà," ni Olùkọ́ Mou dáhùn. Kọ́kọ́rọ́ ti wà nínú àpò rẹ̀. Ìyá Yan mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ inú ìkòkò padà, ó da ọtí sí i, ó dé e.

Àwọn ọ̀gá dé nínú ọkọ̀ dúdú. Ojú ọ̀nà ti mọ́, akoto pupa ń dán, ẹ̀rọ agbẹ́rù ń gbé ọ̀pá irin kan lọ sókè, ó tún ń gbé e bọ̀ wálẹ̀. Àwọn ará ilé dúró gègèrè lẹ́yìn okùn. Ìyáàfin Liao fọwọ́ tọ́ Olùkọ́ Mou síwájú, ó sì bọ́ síbẹ̀ nínú kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo rí i bó ṣe wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, tó wo ojú wa. Mo rò pé ó fẹ́ kó ìgboyà jọ ni.

Ó ní iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọkàn àwa ará ilé balẹ̀, nítorí ìjọba tó ní ilé wà fún gbígbé kò gbàgbé ẹni tó fẹ́ gbé ibẹ̀. Ó ní ìṣòro wà, àmọ́ ìṣòro ìdàgbàsókè ni, ìdàgbàsókè náà ni yóò sì tán an. Ó ní òun ti fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ yìí, inú òun sì dùn pé ojú òun rí i. Ó dúpẹ́. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ fúnra wọn bí ìgbà tí ọmọdé ń ka ìwé àkọ́sórí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń rọra tò ó kalẹ̀.

Ọ̀gá àgbà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àwọn alákoto pàtẹ́wọ́. Àwa kò pa. Ìyá Ku mú ọwọ́ méjèèjì mọ́ ikùn rẹ̀, kò tú aṣọ. Kò wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àtẹ́wọ́ ti dákẹ́, ọkùnrin kan ṣì ń pa tirẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń pa á kíkankíkan, ìdùnnú sì hàn lójú rẹ̀. Tan Shouye ni. Ó ti bá bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ wá pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ méjì wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ṣojú rẹ̀. Wenqi tẹ orí ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àna mi," ni Tan Shouye wí bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Olùkọ́ Mou, "òní ni mo kọ́kọ́ fojú rí i tí tíṣà ń bá ọ̀gá ìpínlẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ọ̀gá sì ń mi orí. Orí mi wú o."

Wọ́n gba Ilé Kìíní lọ. Olùkọ́ Mou ṣílẹ̀kùn ilé àfihàn bí ẹni tó ń ṣí ti ara rẹ̀, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọ lọ́wọ́, Wenqi ló bá a yí i. Ilé náà rẹwà, irọ́ kọ́. Àga funfun, aṣọ fèrèsé aláwọ̀ wúrà, òdòdó tí kò nílò omi. Tan Shouye bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ kan nǹkan kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ Mou sọ fún wọn pé gáàsì kò tíì dé ibí, ìyàwó òun ń se oúnjẹ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan. Ìyàwó Tan ṣí fìríìjì. Páálí ni. Ó rọra pa á dé, ó wo ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ wo ibòmíràn. Ọkọ rẹ̀ ti wà ní yàrá, ó ti na ara rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn kọjá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì títí dé ìdajì ojúgun. Àwọn tó ń ta ilé ló máa ń kan bẹ́ẹ̀dì kúkúrú bẹ́ẹ̀, kí yàrá lè fẹ̀ lójú oníbàárà. Tan Shouye kò mọ èyí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹsẹ̀ òun ló gùn jù, ìrẹsì tí ìyá òun fún òun ló fà á.

Olùkọ́ Mou rẹ́rìn-ín tẹ̀lé e. Ẹ̀rín náà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ bọ̀rọ̀, ńṣe ló dúró síbẹ̀ láìnídìí.

Ọmọbìnrin kan tó ń bá ilé iṣẹ́ náà ta ilé gbé tíì wọlé. Kò pẹ́ tí òun àti Tan Shouye fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nítòsí fèrèsé. Olùkọ́ Mou gbọ́ "Ilé Kẹsàn-án", ó gbọ́ "àsansílẹ̀", ó sì rí i tí ọmọbìnrin náà ń tẹ́ ìwé sórí tábìlì. Tan Shouye yí padà, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní òun ní ọmọkùnrin kan lẹ́yìn Wenqi. Ọmọ náà ṣì wà nílé ìwé, àmọ́ ọjọ́ ń lọ, ọjọ́ kan àna tirẹ̀ náà á wá wo ilé. Òun ti ń bẹ̀rù àwọn ilé yìí tẹ́lẹ̀ nítorí ohun tí ènìyàn ń sọ lábúlé. "Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu yín lónìí, ẹ̀rù kí ni yóò tún máa bà mí? Owó pẹ́pẹ́yẹ wà nínú báǹkì, kò ṣe nǹkan kan. Kí àwọn ọmọ wa máa gbé nítòsí ara wọn."

Yan ti dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti rán an lọ sókè lọ bẹ ìyá rẹ̀ fún oúnjẹ, òfo ló sì gbé dé. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo bàbá rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ta ilé ti ṣí ìdérí gègé.

"Àna mi, ẹ má rà á," ni Olùkọ́ Mou wí.

Tan Shouye ní iye rẹ̀ ni kò dára ni? Olùkọ́ Mou ní kì í ṣe iye rẹ̀. Ó ní kó má rà á ṣá. Ọkùnrin náà wò ó, ìdùnnú ojú rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ó ti yé mi. Ẹ ò fẹ́ kí òórùn pẹ́pẹ́yẹ sún mọ́ ilé yín."

"Rárá o. Irọ́ ni mo pa. Iṣẹ́ kankan kò bẹ̀rẹ̀. Ilé yìí kì í ṣe tiwa."

"Irọ́? Níwájú ọ̀gá ìpínlẹ̀? Níwájú kámẹ́rà?" Tan Shouye mi orí. Kò gbà á gbọ́. Ó ní àwọn alákọ̀wé máa ń rí ọ̀nà ta ará oko nù, òun náà kì í ṣe ọmọdé. Ó mú gègé lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Irọ́ tí Olùkọ́ Mou pa ti jókòó dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí òtítọ́ rẹ̀ kò fi ríbi jókòó sí.

"Ẹ tẹ̀lé mi," ni Olùkọ́ Mou wí. "Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ilé mi."

Gbogbo ará Ilé Keje ló wà lórí àtẹ̀gùn bí wọ́n ṣe ń gùn ún lọ. Wọ́n ká ẹsẹ̀ wọn kò fún àlejò, wọ́n kí ìyàwó Tan pé kó rọra, àtẹ̀gùn náà kò ní ibi àfọwọ́dìmú. Kò sẹ́ni tó kí Olùkọ́ Mou. Kò tilẹ̀ sẹ́ni tó pè é ní Rédíò. Ní àjà kẹwàá, Ìyá Ku jókòó sórí àpótí, aṣọ ibùsùn rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ti ká a. Olùkọ́ Mou dúró, ó fẹ́ sọ nǹkan kan. Ìyá Ku yí ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè kọjá.

Ìyá Yan ti wọ ẹ̀wù tó mọ́. Oúnjẹ wà lórí tábìlì: ẹja odindi tó kọ orí sí ibi tí àlejò yóò jókòó sí, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹyin pẹ̀lú tòmátì, ìrẹsì tó ń rú èéfín. Ó kí wọn káàbọ̀. "Ilé nìyí," ló wí, kò sì fi nǹkan kan kún un.

Tan Shouye fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ògiri, eruku tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ wá. Ó wo àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó lọ sí ojú fèrèsé, ó ká ọ̀rá sókè. Àwọn ọ̀gá ti lọ. Nísàlẹ̀, àwọn ọkùnrin náà tò sórí ìlà, wọ́n ń bọ́ akoto pupa sínú àpò, wọ́n sì ń gba owó iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ó pẹ́ kó tó yíjú padà.

"Ẹ ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kí n rà á," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì le. "Oore ńlá ni, mi ò ní gbàgbé. Ká ní òtòṣì ni yín, mo lè bá òtòṣì ṣàna, èmi náà kì í ṣe olówó. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni bí ẹ ṣe sọ ọ́ dáadáa tó. Bí ọmọ mi bá wà nínú ilé yín, báwo ni n ó ṣe mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín?"

Olùkọ́ Mou fa àga kan jáde nídìí tábìlì fún un.

"A ti yó," ni Tan Shouye wí. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ Ìyá Yan mú díẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. Wenqi kò tíì kúrò nídìí tábìlì. Ó mú igi ìjẹun, ó já ẹran ẹja lábẹ́ ikùn, ó fi sẹ́nu níṣojú bàbá rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó fi igi ìjẹun lélẹ̀, ó tẹ̀lé àwọn òbí rẹ̀ lọ. Yan sin wọn dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó padà, ó ní Wenqi sunkún, bàbá rẹ̀ kò sì bá a sọ̀rọ̀.

Oúnjẹ tí wọ́n sè fún àlejò pọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, Ìyá Yan bu ú sí abọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ fún àwọn aládùúgbò láti ẹ̀yìn aṣọ kan dé òmíràn, bó ti máa ń ṣe bí oúnjẹ bá kù. Gbogbo wọn dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ẹ ṣé, Ìyá Yan. A ti jẹun." Ó bá èéfín lórí iná ẹlòmíràn, ìrẹsì tútù tí wọn kò tíì gbé kaná lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, síbẹ̀ wọ́n ní àwọn ti jẹun. Lọ́dọ̀ mi náà, mo ní mo ti jẹun. Ó gbé abọ́ rẹ̀ padà, ó tò ó sórí tábìlì níwájú ọkọ rẹ̀, ó jókòó tì í.

Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí fóònù Olùkọ́ Mou dún. Zhai Mingtao ni, ọmọ tó kọ́ níwèé nígbà kan, tó ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ kiri nínú ìlú báyìí. Ohùn rẹ̀ lọ sókè, ìyá àti ọmọ ń gbọ́ ọ. Ó ní òun ti rí tíṣà òun nínú ìròyìn lórí fóònù lọ́sàn-án yìí, gbogbo àwọn tí àwọn jọ ka ìwé ló ti rí i. Ó ní òun fẹ́ kí tíṣà jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́. Òun àti ìyàwó òun ti ń ṣiyèméjì lórí ilé kan ní Ọgbà Jinlan láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni yìí á ní ẹ rà á, ẹni yẹn á ní ẹ má rà á.

"Nígbà tí mo rí yín, sà, mo ní ó tán. Tíṣà Mou ò parọ́ fún wa rí. A gbéra, a lọ. Ilé Kẹsàn-án ni, àjà kẹrin, oòrùn àárọ̀ máa ń wọ ibẹ̀."

Olùkọ́ Mou bi í bóyá ó ti fọwọ́ sí i.

"A ti fọwọ́ sí i, sà. A ti san gbogbo ohun tá a ní, báǹkì á fi èyí tó kù kún un. Màmá mi ń jó kiri ilé báyìí."

Ìyá Yan gbójú sókè, ó ń wo ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Yan náà ń wò ó. Lórí fóònù, ohùn ìyá arúgbó kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà láti òkèèrè.

"Ẹ kú oríire," ni Olùkọ́ Mou wí.